Owó Ilé Ọtí, Ẹsẹ̀ Tíṣà Rasheed

Ìyá Glory ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ sídìí ẹ̀kọ tó ń tà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò gbé fóònù dání kọjá títì, Tíṣà Rasheed ì bá ti dé ọsibítù kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Ìyá Glory pé kó jókòó? Obìnrin tó jẹ́ pé bí adìyẹ bá yé ẹyin ní Ìlọ́gbò, òun ni yóò kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Aramoko.

Wọ́n ti di ẹrù tán. Ìró méjì, kẹ́tùlù àlùwàlá, ẹní ìkírun, gbogbo rẹ̀ wà nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà Rasheed jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sórí àpótí. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n aṣọ ò lè di òórùn. Òórùn ẹsẹ̀ ti gba gbogbo pálọ̀, àwọn ará ilé sì ń ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìtọ̀ ṣúgà ló bá ọmọ ìka jà, ó jẹ ẹ́, ó tún ń gòkè bọ̀. Dókítà ti sọ̀rọ̀ lánàá láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: òní ni kí wọ́n gé e ní ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá di ọ̀la, orúnkún ni. Bó bá kọjá ọ̀la, kí wọ́n lọ gbẹ́lẹ̀.

“Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́,” ni Tíṣà ti wí fún un lánàá náà.

“Òótọ́ ni, Bàbá,” ni dókítà dá a lóhùn, “ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ti kú kí n tó dé ibẹ̀.”

Ọsibítù náà kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ láìjẹ́ pé wọ́n ti gba owó. Basit, àkọ́bí Tíṣà tó wà ní Ṣìkágò ní Amẹ́ríkà, ti fi owó náà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti wà nínú àpò bánkì Hàmdálàt, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbéra.

Ààwẹ̀ ti ń lọ sópin, ọdún ìtúnu kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn tó, Tíṣà ò gbà, ó ń gbààwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, dókítà náà ti ní kó má fẹnu kan nǹkan kan kí àwọn tó gé e. Ni Tíṣà bá rẹ́rìn-ín.

“Sàrátù, o rí i bí? Ọlọ́run àti dókítà fẹnu kò lónìí.”

Sàrátù, ìyàwó rẹ̀, náà rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fọ odó iyán. Ìdílé yìí kì í fi nǹkan mìíràn ṣe sààrì bí kò ṣe iyán. Àwọn ni wọ́n máa ń sọ pé ará Èkìtì tó bá fi búrẹ́dì ṣe sààrì, ṣe ló ń fi ara rẹ̀ ṣeré. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí Tíṣà ò ti lè fọwọ́ kan iyán náà mọ́, wíwò ló ń wo àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni Ìyá Glory wọlé.

“Ẹ̀yin ará ulé yìí, ẹ kú sààrì o! Bàbá Tíṣà, ẹ wá wo Basit yín o, ó ti di òyìnbó pátápátá! Glory ló fi ránṣẹ́ sí mi láti yunifásítì, ó ní gbogbo ayé ti rí i!”

Sàrátù gbọ́ “Basit”, ó ju kànrìnkàn sílẹ̀. Kó tó dé pálọ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Fídíò kékeré ni. Yàrá tóóró kan, igi dúdú ló yí ògiri rẹ̀ ká. Àwọn òyìnbó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn wọ aṣọ àwọ̀ ewé, wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, wọ́n ń kọrin bí ẹni tó jogún. Lẹ́yìn káńtà gígùn kan, Basit rèé. Fìlà àwọ̀ ewé wà lórí òun náà. Ó fa nǹkan kan sílẹ̀, ohun dúdú kan ń ṣàn sínú ife, ìfófòó funfun ń gun orí rẹ̀. Kò tètè gbé e fún oníbàárà. Ó gbé e kalẹ̀, ó dúró kó tòrò, ó tún bu díẹ̀ lé e, kó tó wá nà án sí wọn. Ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Lókè orí rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan gàdàgbà sára ògiri. Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè òyìnbó. Ó kà á jáde, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni wà ní kíláàsì.

“Ojúlówó ilé ọtí àwọn ará Áyálàǹdì.”

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

“Basit ni ará Áyálàǹdì?”

Ó nawọ́ sí fídíò náà.

“Hàmdálàt, kí ni nǹkan dúdú yẹn?”

“Ó... ó jọ kóòkì, Dádì.”

“Kóòkì tó ń hó bí ọṣẹ?”

Ilé oúnjẹ ni Sàrátù ti ń pe ibi iṣẹ́ Basit fún ọkọ rẹ̀ látọjọ́ yìí. Oúnjẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀dùnkún àti ẹran sísè. Ta ló wáá ń lọ síbẹ̀ nítorí ọ̀dùnkún? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, àfi Tíṣà tó bí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù padà fún Ìyá Glory, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni Ìyá Glory fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó rọra sún dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti òpó ìloro, kò lọ sílé.

“Hàmdálàt, tú ẹrù yẹn. N ò lọ mọ́.”

“Bàbá Basit!” Sàrátù ké. “Ẹsẹ̀ yín ń rà!”

“Jẹ́ kó rà. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń dúró níwájú Ọlọ́run, owó ọtí ni wọn ó fi gé e? Bí wọ́n bá bi mí léèrè rẹ̀ lọ́run, kí n ní ọ̀mùtí Ṣìkágò ló sanwó rẹ̀?”

“Oògùn ṣúgà tí ẹ ń lò ńkọ́? Páànù orí ulé yìí ńkọ́? Ìrẹsì àti ṣúgà tí gbogbo mọ́sáláṣí fi ń ṣínu látìgbà tá a ti gbé ààwẹ̀, ṣé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀?”

“N ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ báyìí.”

“Ẹ ti mọ̀! Ẹ kú ìmọ̀ o!” Ohùn rẹ̀ ti ga débi tí àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lódìkejì títì fi yíjú. “Ẹ ní kí n má gba tọmọ mi. Ó dáa. Tiyín dà? Ọdún márùndínlógójì lẹ fi na ọmọ ọlọ́mọ, tẹ́ ẹ fi jẹ ẹfun kọ́ wọn níwèé. Kí lẹ mú bọ̀ wálé?”

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ẹyin lohùn. Tíṣà yíjú sí ògiri. Àwòrán ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé aago fún un tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Aago náà ò ṣiṣẹ́ kọjá ọdún kan. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ní yóò tẹ̀lé e kò tíì dé títí di òní. Ìjọba kan ṣèlérí, ó lọ. Òmíràn dé, òun náà ṣèlérí. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìlérí bora wọ sàréè.

“Ká ní tèmi ni,” ó wí jẹ́jẹ́, “ká ní owó òógùn mi ni, ẹsẹ̀ kan ni ǹ bá fi fò lọ bá dókítà láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò dé. Ẹ jẹ́ kí n kú bí mo ṣe wà.”

Sàrátù rán Hàmdálàt sí Lèmọ́mù. Lèmọ́mù dé tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó fi etí agbádá bo imú díẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń nu òógùn.

“Tíṣà, Ọlọ́run ò fẹ́ ni wá lára. Ẹni tí ebi fẹ́ pa, òkú ẹran pàápàá di ẹ̀tọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ.”

Tíṣà wò ó pẹ́.

“Lèmọ́mù, ọ̀rọ̀ ilé ọtí yìí ò mà yà yín lẹ́nu. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

“A gbọ́ ọ fìrìfìrì.”

“Ẹ gbọ́ fìrìfìrì, ẹ sì jẹ ìrẹsì rẹ̀ ní àjẹyó. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹnu yín ò lè dá ẹjọ́ yìí mọ́?”

Lèmọ́mù yí tẹ̀sùbáà lọ, ó yí i bọ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀. “Ọlọ́run á fọ̀nà hàn wá,” ló wí. Ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Sàrátù gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró ti dúrọ́ọ̀mù omi, ó pe Basit. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Ṣìkágò. Basit ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa ni, ó ń jẹ sààrì rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbọ́rọ̀ náà tán, ó dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

“Màámi, n ò fẹnu kan ọtí rí. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ará Áyálàǹdì tó ni ilé ọtí náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ ẹ. Èmi àti obìnrin ará Mẹ́síkò kan tá a jọ ń fọ abọ́ níbẹ̀ la dáwó jọ gbà á. Kò sí ará Áyálàǹdì kankan lẹ́yìn káńtà yẹn mọ́, àwa àjèjì nìkan ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ò fẹ́ ká ṣí ìṣó kan nípò. Wọ́n fẹ́ ẹ bó ṣe rí láyé bàbá wọn. Òní sì ni ọdún àwọn ará Áyálàǹdì gan-an, tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ àwọ̀ ewé láti òpin ọ̀sẹ̀. Èrè òní la fi ń jẹun di ẹ̀ẹ̀rùn. Tí n bá fà sẹ́yìn lónìí, kò sówó ilé, kò sówó oògùn Dádì.” Ó wo ilé ọtí náà láti inú ọkọ̀. “Ọtí ni mò ń dà fún wọn, màámi. Omi ni mo fi ń ṣínu, lẹ́yìn àgbá, níbi tí wọn ò ti ní rí mi. Ẹ bá mi bẹ Dádì. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí wọ́n gé e. Bí ara wọn bá yá tán, kí wọ́n wá ṣépè fún mi.”

“Dákẹ́. Ẹnu ẹ á ro. Ta ló fẹ́ ṣépè fún ọ?”

Ó pa fóònù, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ń padà wá sí i létí: ká ní tèmi ni. Ọjọ́ wo ni òun ti parọ́ ńlá gbẹ̀yìn? Nínú ààwẹ̀ pàápàá? Ẹni tó bá fi ẹnu ààwẹ̀ parọ́, ebi lásán ló pa á, àfáà ti wàásù rẹ̀ títí. Ó bu omi bọ́jú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé yí wá síwájú, ó sì sáré wọlé.

“Bàbá Basit! Wọ́n ti san án o! Owó yín ti wọlé!”

“Owó wo?”

“Owó ìfẹ̀yìntì! Bánkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Hàmdálàt ni!” Orí fóònù ọmọ náà ni iṣẹ́ bánkì bàbá rẹ̀ ń wọ̀ látìgbà tí tirẹ̀ ti bàjẹ́. Sàrátù wo ojú ọmọ rẹ̀. Ojú tó fi wò ó, ọmọ tó bá gbọ́n kò ní bèèrè ìdí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì,” ni Hàmdálàt wí.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Díẹ̀ ni wọ́n san. Wọ́n ní ìyókù ń bọ̀,” ni Sàrátù dáhùn kíá. Irọ́ tí yóò bá dúró gbọ́dọ̀ jọ ìjọba.

Ìyẹn gan-an ni Tíṣà fi gbà á gbọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ rírà yẹn, ó forí kanlẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. “Mo sọ fún yín àbí n ò sọ? Ìjọba lè pẹ́, kì í gbàgbé ẹni. Sàrátù, mú agbádá funfun mi. Lónìí, owó mi ni mo fẹ́ ná.”

Wọ́n ti gbàgbé ẹni tó fara ti òpó níta. Ìyá Glory gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò sí títì. Kí takisí tó dé láti gbé Tíṣà, ìròyìn ti yí Aramoko po. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń jáde láti inú ilé. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn gbé ọ̀pá, ẹni tó ń sùn jí.

Lójú ọ̀nà, ọ̀kadà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí wọn. Tíṣà Ezekiel ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀. Òun àti Tíṣà Rasheed jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ti ń ṣú. Owó ìfẹ̀yìntì náà ló ń dúró dè kó tó lọ ṣe é. Ọlọ́kadà ló fi takisí hàn án. Ó bọ́ fìlà, ó ń jù ú lókè.

“Rasheed! Mò ń lọ sí bánkì l’Ádó! Ọlọ́run mà tóbi o!”

“Ó tóbi, Ezekiel! Ó tóbi!”

Sàrátù la ẹnu. Ká ní ó pè é padà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò gbọ́. Ó pa ẹnu dé. Ọ̀kadà náà ti lọ.

Ní ọsibítù, Hàmdálàt sanwó, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró di ẹ̀yìn ìrun alásárì. Tíṣà ń bá gbogbo ẹni tó bá kọjá sọ̀rọ̀: nọ́ọ̀sì, aláìsàn, ẹni tó ń nulẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé òun lòun ń sanwó ara òun. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n pe Basit fún òun. Orin àti ariwo ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn òyìnbó ti kún ibẹ̀.

“Basit, ṣé o gbọ́ mi? N kò bínú sí ọ mọ́. Ìyà ló tì ọ́ síbẹ̀, èmi ni n kò ní. Ní báyìí, mo ti ní. Wọ́n ti san owó mi. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Bọ́ fìlà yẹn kúrò lórí. Máa bọ̀ wálé, tèmi á tó wa jẹ.”

Ariwo náà tún ga sí i. Ẹnìkan ń pe Basit ní orúkọ mìíràn, orúkọ òyìnbó, ó ń bèèrè ife mẹ́ta.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Basit wí. “Mo ti bọ́ ọ, sà.”

“Ọmọ mi ni ọ́,” ni Tíṣà wí, ó dá fóònù padà.

Wọ́n ti gbé e sórí ibùsùn onítáyà nígbà tí Tíṣà Ezekiel dé. Eruku ti sọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì di pupa. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí mọ́. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Sàrátù rí i, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

“Ezekiel!” ni Tíṣà ké látorí ibùsùn. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé wọ́n san tìrẹ náà?”

Tíṣà Ezekiel sún mọ́ ọn. Ó yí ojú tó kù fún un sí ibùsùn, ó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n ti fi íńkì sàmì sí. Ó wo Hàmdálàt. Ó wo Sàrátù tó fi ìborùn bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì ní kó sún, wọ́n fẹ́ kọjá. Kò sún.

“Wọ́n san án,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Wọ́n san tèmi náà, Rasheed.”

“Mo mọ̀! Ojú rẹ ńkọ́? Búra fún mi pé o ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn.”

“Ojú ni mo máa fi ṣe. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ó dáa. Bí mo bá jáde, ìwọ lo máa máa wo ọ̀nà fún mi.” Tíṣà ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń tì í wọlé. Ìlẹ̀kùn pa dé.

Ezekiel fọwọ́ wá etí bẹ́ńṣì, ó jókòó. Ó gbé fìlà lé orúnkún.

“Ìyàwó wa, a pọ̀ ní bánkì lónìí.”

Sàrátù kúnlẹ̀ sílẹ̀ sìmẹ́ńtì. 

“Orin ni wọ́n kọ wọlé. Mo ní kí n wá bi yín ni. Mo gbé ìbínú bọ̀ láti Adó.” Ó gbọn eruku lára fìlà, ó tún fi í sórí orúnkún. “Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

Kò dìde. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n pe ìrun màgàríbì lókè ọ̀hún. Hàmdálàt mú ike omi kan wá, ó nà án sí ìyá rẹ̀ kó fi ṣínu. Sàrátù gba omi náà, ó wò ó, ó sì gbé e sọ́wọ́ Tíṣà Ezekiel.

“Ẹ mu ún, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ gbààwẹ̀ lónìí. Tèmi ti bàjẹ́ láti àárọ̀.”

Ọkùnrin náà gba ike omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ìdérí rẹ̀ kiri, kò rí i. Hàmdálàt ló bá a ṣí i.